Ohùn Màmá Tí Kò Dé Àká

                                        Agboolé Òkè-Ọjà,
                                        Òsì,
                                        Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Hikmah, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà fún ọ àti gbogbo ará ilé rẹ. O kú ọwọ́ lómi o. Ṣé ara rẹ ti ń mókun? Amirat ńkọ́, ṣé ó ń mu ọyàn yó, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ìwọ náà rí oorun sùn? Bàbá Amirat ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹ kú ọyẹ́ tó ń yọ́ bọ̀ yìí, ẹ rọra máa da aṣọ bo ọmọ náà. Ní tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Ìyàwó mi kí ọ, àwọn ọmọ kí ọ. Màmá ń jẹun dáadáa, wọ́n ń rìn dé iwájú ilé láìsí ọ̀pá, ojú iṣẹ́ abẹ ọrùn wọn ti jinná. Ó ku ohùn nìkan tí kò tíì padà.

Mo mọ̀ pé wàá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìdí rẹ̀ ni pé ohùn Màmá ló lọ, etí wọn kò lọ síbì kankan. Ilé wa kò tóbi, kò sí ohun tí mo lè sọ lórí fóònù tí wọn kò ní gbọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá ọ sọ, n kò tíì lè sọ ọ́ lójú wọn. Yàrá àwọn olùkọ́ ni mo ti ń kọ èyí, lákòókò ìsinmi ọ̀sán, mo sì ti dìde lórí àga yìí tó ìgbà mẹ́rin kí n tó kọ ọ́ dé ibi tí o ń kà yìí. Olùkọ́ ìṣirò ti bi mí bóyá eèrà wà lórí àga mi. Bí mo bá parí rẹ̀, màá fi rán Prosper, awakọ̀ tó ń ná Òsì sí Ìlọrin. Òun yóò fi í sí ṣọ́ọ̀bù àna rẹ̀, àwọn awakọ̀ tó ń lọ Mìnná yóò sì gbà á níbẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó burú jù, kí ọwọ́ mi má baà tún fà sẹ́yìn. Ohùn Màmá tí a gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ti sọnù. Gbogbo rẹ̀ ló lọ, tìrẹ náà wà nínú rẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa fún ọ látìgbà tí mo ti ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí n fi ránṣẹ́. Màmá fúnra wọn kò sì tíì mọ̀.

Ó dára, mo ti sọ ọ́. Jẹ́ kí n mu omi ná.

Wàá rántí pé Waliyullah ọkọ rẹ ní kí o bi mí lọ́jọ́sí bóyá SSD tí mo fi kún sáfà mi ti jẹ́ kó dára sí i, pé òun náà fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sí ilé yín nítorí fíìmù ń há. Mo sọ fún ọ nígbà náà pé màá fèsì, n kò fèsì. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ àti ìròyìn burúkú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti jáde, nítorí náà bá mi ní sùúrù, kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìwọ náà mọ sáfà mi, àpótí dúdú tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, tí o máa ń sọ pé ó ń kùn bí oyin. Díìsì ńlá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, orí wọn ni mo kó gbogbo fíìmù ilé sí, àti wáàsí tí Màmá fẹ́ràn, àti àwòrán Bàbá látìgbà tí wọ́n wà láyé. Ẹnikẹ́ni nínú ilé lè fi fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n wo ohun tó bá wù ú láti inú rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ní yàrá àwọn ọmọ, fíìmù á máa dúró, á máa lọ, á tún máa dúró, àwọn ọmọ á figbe ta. Mo ní àwọn díìsì wọ̀nyí ti gọ̀, nítorí ńṣe ni wọ́n ń yí bíi ọlọ. Mo kà á pé bí èèyàn bá fi díìsì kékeré tí wọ́n ń pè ní SSD síwájú wọn, ohun gbogbo á yá, nítorí SSD kì í yí rárá, ojú ẹsẹ̀ ló ń dáhùn. Mo rà á, mo sì fi í síwájú wọn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. O rántí abà tí Bàbá kọ́ sí oko wa lọ́nà Kóro? Bí a bá ya àgbàdo, inú abà yẹn la kọ́kọ́ ń dà á sí torí ó sún mọ́ wa. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé la ó tó kó o wá sí àká nílé. SSD ni abà, àwọn díìsì ńlá ni àká. Fáìlì tí o bá gbé wọlé, orí SSD ló ń balẹ̀ sí wàràwàrà, tó bá wá di àkókò tí o dá fún sáfà, òun fúnra rẹ̀ á kó o lọ sórí díìsì ńlá. Kò sí ẹni tó máa wo fáìlì tó mọ èyí tó wà nínú abà yàtọ̀ sí èyí tó ti dé àká. Orúkọ gbogbo wọn jọ ń hàn ni. Mú ìyẹn dání, a ó padà sórí rẹ̀.

Nígbà tí mo fi í sí i tán, ṣé fíìmù àwọn ọmọ ṣíwọ́ híhá? Kò ṣíwọ́ o. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Mo tú sáfà palẹ̀, mo tún un tò, mo pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé wọ́n ń tẹ ohun tí kò yẹ kí wọ́n tẹ̀. Ìyàwó mi ló wá bi mí pé kí ló dé tí ti pálọ̀ kì í fi í há, tó sì jẹ́ sáfà kan náà. Mo dìde lọ wo àárín yàrá méjèèjì. Ògiri ni. Ògiri alámọ̀ nípọnnípọn tí Bàbá fi pín yàrá àwọn ọmọ kúrò lára pálọ̀, Wi-Fi kò lè gbà á kọjá dáadáa. Mo fa wáyà kan láti ara ẹ̀rọ Wi-Fi gba orí àjà wọ yàrá wọn, híhá sì dópin lọ́jọ́ yẹn. Àwọn díìsì ńlá tí mo ń bú kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó ń wo fíìmù kò jẹun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, díìsì tó ń yí lè gbé e fún un, kódà kó gbé e fún ẹni mẹ́ta pọ̀.

Nítorí náà, sọ fún Waliyullah pé kó kọ́kọ́ fa wáyà. Ní ti wíwo fíìmù, SSD kò fi nǹkan kan kún tèmi. N kò ní parọ́ mọ́ ọn ṣá, ó wúlò níbi méjì. Bí o bá ṣí ibi tí àwòrán ẹgbẹ̀rún mélòó kan wà, kíá ni gbogbo wọn ń yọjú, tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, wàá ti lọ bomi wá. Bí o bá sì ń da ohun ńlá wọlé, kò ní pẹ́ rárá. Wàràwàrà tó fi ń gba nǹkan wọlé yìí gan-an ló kó bá mi.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Màmá. Dókítà tó fẹ́ yọ gẹ̀gẹ̀ ọrùn wọn kò fi bò fún wa. Ó ní gẹ̀gẹ̀ náà ti fẹ̀ dé ibi tí ohùn ń gbà, pé ẹ̀mí wọn kò léwu bí Ọlọ́run bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí a má fọkàn sí i pé ohùn wọn á padà sí bó ṣe wà. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a délé, wọ́n ní kí n wá ẹ̀rọ tó lè gba ohùn tó mọ́, pé àwọn fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó kù nínú àwọn kí ọ̀nà tó dí. Ìwọ ń tọ́jú ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì nígbà náà, kò sí bí o ṣe lè wá. Mo lọ sí Ìlọ́fà, mo yá kámẹ́rà Elijah onífótò, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ka ìwé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó ní kí n dá a padà ní Jímọ̀, nítorí ó fẹ́ fi ya ìkórè ìjọ kan ní Ìdọ́fin lọ́jọ́ Àìkú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá fi sọ̀rọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ki gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ bí Bàbá ṣe wá fẹ́ wọn tó jẹ́ pé bàtà ọlọ́bàtà ló wọ̀ wá. Mo rẹ́rìn-ín títí tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ taari kámẹ́rà ṣubú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní èyí tó kù yìí, ti Hikmah ni, kí n tẹ bọ́tìnì, kí n jáde, kí n pa ilẹ̀kùn dé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ kí n tó pa á dé: "Hikmah, etí ìyá rẹ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀." N kò mọ ohun tí etí ń wá níbẹ̀. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n ní kí n wọlé, ojú wọn ti wú, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ẹrù ti sọ̀ lórí àwọn.

Hikmah, o mọ̀ mí, n kì í ṣe ẹni tó ń tètè sunkún, ṣùgbọ́n ibi yìí ni mo ti máa ń dìde. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni o fi ń bi Màmá nípa Àǹtí Sáfúrátù, àbúrò wọn tó bí ọ, tó kú kí o tó pé ọdún méjì, tí kò sí fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo nílé. Gbogbo ìgbà tí o bá bi wọ́n, ẹkún ni wọ́n fi ń dá ọ lóhùn, títí tí o fi ṣíwọ́ bíbéèrè. Ìgbà tí wọ́n wá rí i sọ, tí wọ́n sọ ọ́ fún wákàtí kan àtààbọ̀, ọwọ́ tèmi ló bọ́ sí.

Mo da gbogbo rẹ̀ sórí sáfà ní àárọ̀ Jímọ̀. Kí n tó mu tíì tán, ó ti wọlé. Mo yin SSD. Mo ṣí ti ọjọ́ kìíní láti orí sáfà, ohùn Màmá jáde ketekete. Mo ní iṣẹ́ parí.

Lẹ́yìn náà ni mo fọ mẹ́mọ́rì káàdì inú kámẹ́rà Elijah. O mọ ilé tí a ti tọ́ wa. Bí aládùúgbò bá fi abọ́ gbé ọbẹ̀ wá, Màmá kì í jẹ́ kí á dá abọ́ náà padà láìfọ̀, wọ́n á tún ní kí á fi aṣọ nù ún. Ṣé o rántí ọjọ́ tí o dá ìkòkò Ìyá Ọlọ́ṣẹ padà tòun ti ẹ̀kan ìrẹsì nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ní kí o padà lọ, kí o lọ fọ̀ ọ́ lójú obìnrin náà? Ó wọ̀ mí lára. Mo pa gbogbo ohun tó wà nínú káàdì náà rẹ́, ó mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Elijah fúnra rẹ̀ sọ lórí fóònù pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ààyè ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní rárá o, a kì í dá abọ́ padà láìfọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo gbàgbé nìyí. Èmi fúnra mi ni mo ṣètò sáfà pé ọjọ́ Àìkú nìkan ni kó máa kó ẹrù láti orí SSD lọ sórí díìsì ńlá, nítorí bí àwọn díìsì náà bá ń yí lójoojúmọ́, wọ́n ń jẹ bátìrì sólà wa. Jímọ̀ ni mo fọ káàdì. Sátidé la gbéra lọ sí Ìlọrin fún iṣẹ́ abẹ, kí a tó jáde, mo pa gbogbo iná ilé, mo pa sáfà mọ́ ọn. Ọjọ́ Àìkú dé, kò sí ẹni tó máa kó ẹrù. Inú abà ni ohùn Màmá sùn sí fún ọjọ́ méjìlá.

Lọ́jọ́ tí a padà, bí mo ṣe tan sáfà báyìí, iná dé, ó lọ, ó tún dé pẹ̀lú agbára tó fi jẹ́ pé gílóòbù pálọ̀ fọ́. Díìsì ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yè é. SSD kò yè é. Mo yọ ọ́, mo fi sára kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, kọ̀ǹpútà kò rí i. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan ní Ìlọrin tí wọ́n ní ó máa ń jí òkú díìsì. Ó wò ó fún ọjọ́ méjì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máa gbé e lọ." Mo sáré tọ Elijah lọ. Káàdì rẹ̀ ti gba ìkórè Ìdọ́fin, ó tún ti gba ìgbéyàwó kan ní Ọ̀bbò-Ilé. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta wá inú rẹ̀, bóyá a ṣì lè rí ohun tí mo parẹ́. Àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ru iṣu, tí wọ́n ń jó lọ síwájú pẹpẹ, ni mo rí. Èmi tí mò ń wá ìyá mi, ìyá oníyàá ni mo jókòó tí mò ń wò.

Kí ọ̀rọ̀ náà tún lè burú sí i, ọjọ́ kẹta tí a dé, Màmá gbé síléètì wọn. Ìwọ kò tíì rí síléètì náà, èyí tí mo mú wá láti ilé-ìwé ni, òun ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ṣé Hikmah ti gbọ́ tirẹ̀?" Mo wo ojú wọn, mo wo bàǹdéèjì ọrùn wọn. Mo ní ó ti gbọ́, Màmá, ó sunkún, ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Hikmah, inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ ti ń wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn bí o bá ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́. O rò pé owó ìpè ni mò ń ṣọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé wàá dárúkọ rẹ̀.

Aago ti lù, mo ní kíláàsì. N kò mọ bí màá ṣe parí lẹ́tà yìí.

                                        Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún.

Mo rò pé màá parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ni, ìwọ ló dá mi dúró. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn Àsárì, o fi àwòrán etí òsì Amirat ránṣẹ́ sórí fóònù Màmá, òun àti ihò kékeré tó wà lẹ́bàá etí náà. O gba ohùn rẹ sílẹ̀ tẹ̀lé e pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ fiyè sí i, pé obìnrin kan ládùúgbò ní àrùn ni, pé o ti ń sunkún láti àárọ̀, ṣé irú rẹ̀ wà nínú ìdílé wa rí? Màmá gbọ́ ohùn rẹ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún un gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé síléètì, wọ́n kọ ọ́ bí wọn ì bá ṣe sọ ọ́ lẹ́nu: "Éè ti jẹ́?", ìyẹn ni pé kí ló dé. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ pé, "Mo ti sọ fún un."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Tèmi kò tó oṣù kan. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí, láti orí SSD dé orí ìkórè Ìdọ́fin. Wọn kò wò mí. Wọ́n fi etí ìró wọn nu síléètì, wọ́n nù ún pẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé, "Kí ló dé tí o fọ káàdì?" Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé a kì í dá abọ́ padà láìfọ̀." Wọ́n kọ́kọ́ ranjú mọ́ mi. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn, èjìká wọn ń mì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín nílẹ̀ tí mo wà. Nígbà tí mo gbé orí sókè, omijé ni mo rí lójú wọn.

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ pé etí ọmọ kò ní àrùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ṣókí tí o rí gbà nìyẹn. O fèsì pé báwo la ṣe mọ̀. Màmá gbà mí láyè láti dáhùn èyí nìkan. Ìyá rẹ ní irú ihò yẹn, létí òsì, níbi kan náà gan-an. Wọ́n ní bí ó bá ń ronú, á máa fi ọmọ-ìka rẹ̀ kékeré kan ibẹ̀, á máa yí i jẹ́jẹ́, àti pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ń dùn ún. Òun ló wà lẹ́yìn "etí ìyá rẹ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀" tí mo gbọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìwé kíkọ. Mo fún wọn ní ọ̀kan nínú èyí tí a ń pín fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. O mọ̀ pé ilé-ìwé àgbà ni Màmá ti kọ́ ìwé, ọwọ́ wọn kò yá. Wọ́n jókòó síwájú fèrèsé ní Ọjọ́rú láti àárọ̀, wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń pa á rẹ́, wọ́n ń tún un kọ. Ojú ewé kan lè gbà wọ́n ní wákàtí méjì. Èmi ni n kò lè jókòó. Mo ń kọjá níwájú fèrèsé, mo ń padà, títí tí wọ́n fi ju ṣọ́ọ̀kì lù mí. Àná wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ yìí wọ́n parí rẹ̀ ní ojú ewé mọ́kànlá, wọ́n mú abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú, wọ́n sì rán ẹnu ìwé náà pa yí ká, kí n má baà yọjú wò ó.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi fóònù ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rán an, màá di ojú. Wọ́n kọ ọ́ sórí síléètì pé, "Ẹ̀rọ ti jẹ ti àkọ́kọ́." Mo ti fóònù mi bọ àpò.

Bí Waliyullah bá ṣì ń béèrè, ohun tó kù tí mo mọ̀ nìyí. Bí ó bá fa wáyà tán tí ó ṣì fẹ́ SSD níwájú díìsì, kó fi méjì síbẹ̀, kí ohun tó wà lórí ọ̀kan wà lórí èkejì. Kó jẹ́ kí sáfà máa kó ẹrù lójoojúmọ́, bátìrì ìbáà kú. Kó má sì pa ohunkóhun rẹ́ níbi tó ti kó o títí tí yóò fi fi ojú ara rẹ̀ rí i lórí díìsì ńlá. Kó dá abọ́ padà bó ṣe wà, kí olóhun bínú.

Prosper yà sílé lẹ́ẹ̀kan láti gba lẹ́tà àti ìwé Màmá. Mo ti nawọ́ rẹ̀ sí i. Mo bi í pé tó bá fi í sí ṣọ́ọ̀bù àna rẹ̀, ọjọ́ wo ni awakọ̀ Mìnná máa gbà á? Ó ní bóyá ọ̀la, bóyá ọjọ́ Ajé, pé kò sí wàhálà, kò sí ohun tó máa ṣe é níbẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi padà. Ó ní kí ló ṣe mí. Mo ní abà ni.

Kò yé e, kò sì dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kejì láyé, Hikmah, ohùn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò sì sí mọ́. N kò ní fi í sí ibì kankan lójú ọ̀nà. Mo ti sọ fún Màmá pé ọ̀la Sátidé ni mò ń bọ̀, láti Òsì tààrà sí Mìnná. Wọ́n ní kí n kí ọkọ rẹ, kí n bá wọn fi ẹnu ko Amirat létí òsì. Ìyàwó mi di ẹ̀gẹ́ àti iṣu díẹ̀ fún yín, ó ní kí ẹ má wo kékeré rẹ̀. N kò ní lè fi ẹnu sọ gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín, mo mọ ara mi, nítorí náà lẹ́tà yìí ni màá kọ́kọ́ nà sí ọ.

Bí o bá ti kà á débí, gbé ojú sókè. Ìwé tí wọ́n fi òwú dúdú rán wà lọ́wọ́ mi. Bá mi wí títí yóò fi tẹ́ ọ lọ́rùn kí o tó gbà á, mo ti múra sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o gbé ọmọ rẹ lé ẹsẹ̀, kí o já òwú náà, èmi yóò jáde, màá pa ilẹ̀kùn dé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó jókòó ní iwájú rẹ, tí kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí,

Mìkáílù.